Nígbà Tí A Ṣí Géètì: Àkọsílẹ̀ Agbo Réńdíà Kan Lásìkò Ìbímọ

Ẹran mẹ́tàlá ló wà nínú agbo náà nígbà tí mo débẹ̀ ní ìparí oṣù kejì: abo mẹ́sàn-án, àti akọ mẹ́rin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní àríwá Skọ́tíláńdì ni oko náà wà, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi. Àwọn akọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pa owó wọlé. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á kó wọn lọ sí ọjà àti ilé ìwé kí àwọn ọmọdé lè fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn abo ni ìrètí ọjọ́ iwájú. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, méjì kú. Lọ́jọ́ tí mo dé gan-an ni ìyá olóko ti wí fún mi pé tọdún yìí, òun kò fẹ́ kí ẹyọ kan kú. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo àṣìṣe wa ti jáde.

Ẹni tí kò bá tíì rí réńdíà rí, kó ro àgbọ̀nrín tó wọ agbádá. Irun rẹ̀ ki, fọ́nrán irun náà sì ní ihò nínú tí atẹ́gùn ń há sí, ìyẹn ni òtútù kì í fi í tètè wọ̀ ọ́ lára. Pátákò rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ kó má baà rì sínú yìnyín. Bó bá ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dún tá, tá, tá. Iṣan ló ń yọ̀ lórí eegun. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé oko pé abo mẹ́ta ní àrùn oríkèé. Bàbá tó ń bójú tó agbo náà kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n lọ tẹ́tí sí ẹsẹ̀ àwọn mẹ́wàá tó kù.

Orúkọ ni Bàbá ní kí n máa pe àwọn, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí! "Sà" ni mo pè wọ́n títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà èwe wọn, wọ́n ti bá àwọn Sámi, ẹ̀yà ìbílẹ̀ ibẹ̀, da réńdíà ní àríwá Norway. Àwọn Sámi ló ni iṣẹ́ yìí láti ìran dé ìran. Oṣù karùn-ún ọdún, miessemánnu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn oṣù ọmọ réńdíà. Sámi náà ni Mikel Utsi tó ti Sweden kó réńdíà wá sí òkè Cairngorm ní Skọ́tíláńdì ní 1952. Agbo tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti Cairngorm o. Agbo aládàáni kékeré ni.

Èmi ní tèmi, ọmọ olówúrẹ́ ni mí. Ṣakí ni ìyá mi ti sin ewúrẹ́, Abẹ́òkúta ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ọ̀sìn. Ìmọ̀ ewúrẹ́ yẹn ni mo dì sẹ́rù lọ. Àwọn àgbà máa ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà pé àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀. Èmi gan-an ni mo jókòó tì í pẹ̀lú àwo àti ṣíbí.

Nínú gbogbo ìdílé àgbọ̀nrín, réńdíà nìkan ni abo rẹ̀ ń hu ìwo bí akọ. Akọ a máa sọ tirẹ̀ nù lẹ́yìn àsìkò tó ń gun abo. Abo tó lóyún a máa gbé tirẹ̀ la ìgbà òtútù já, ó di ìgbà tó bá bímọ tán kó tó bọ́. Abẹ́ yìnyín ni oúnjẹ wà, ẹni tó bá sì ní ìwo ló ń lé ẹlòmíràn kúrò nídìí ihò tó fi pátákò gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ìwo ka oyún ní oṣù kẹta. Méje ṣì ní ìwo. Méjì ti sọ tiwọn nù láti oṣù kejì. Mo kọ "oyún: méje" sínú ìwé, mo sì kọ "àgàn" síwájú nọ́ńbà àwọn méjì tó kù. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni akọ tí wọ́n yá ti wọ agbo. Oyún réńdíà sì tó oṣù méje àbọ̀. A ṣírò pé ọmọ àkọ́kọ́ á bọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹrin.

Ohun kan wà tí a ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ní àárín oṣù kẹta, dókítà ẹran wá fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àwọn kòkòrò clostridia, àwọn tó ń pa ẹran lójijì kí ènìyàn tó mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Bí ti ewúrẹ́ àti àgùntàn, ọmọ réńdíà kì í gba ààbò ara láti inú oyún. Inú wàrà àkọ́kọ́ ló wà, àfi kó mu ún láàárín wákàtí díẹ̀ tó bá dé ayé. Abẹ́rẹ́ tí a fún ìyá ní oṣù kan kó tó bí ń bá wàrà yẹn lọ sára ọmọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí a ò ṣe dáadáa.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, a kó àwọn abo láti orí òkè wá sínú ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo dá a lábàá. Mo ní kí ojú wa lè tó wọn, kí iná wà nítòsí, kí ọwọ́ wa tètè tó èyí tí ìrọbí bá mú lóru. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe ewúrẹ́ nílé. Bàbá kò bá mi jiyàn. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ọgbà, wọ́n ní, "Àwọn ló máa bímọ, kì í ṣe ìwọ." Mo rò pé àwàdà ni. Ìyá olóko fara mọ́ tèmi.

Lórí òkè, koríko gbígbẹ, ewé igi wẹ́wẹ́ àti láíkẹ̀n ni wọ́n ń jẹ (láíkẹ̀n ni ohun funfun tó rí bí irun arúgbó tó ń hù mọ́ òkúta àti ilẹ̀), fíìdì inú àpò, tí ọkà wà nínú rẹ̀, kàn jẹ́ ìpanu. Nínú ọgbà, ilẹ̀ ti pá. Mo bá sọ fíìdì di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Aboyún ni wọ́n, àbí kí ni? Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, èyí tí mo sọ ní Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kò wá sídìí oúnjẹ. Ó dúró síbi kan, ó sọ orí kọ́, kò jẹ àpọ̀jẹ. Mo gbé ọwọ́ lé ìhà òsì rẹ̀ níbi tó yẹ kí àpòlúkù ti máa yí bí ẹni tó ń po ẹ̀kọ. Kò sí nǹkan kan. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàn, òórùn kíkan bí omi ògì ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì ń jáde lára rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ inú àpòlúkù ló ń jẹ oúnjẹ kí ẹran tó jẹ ẹ́, àwọn tó sì mọ koríko jẹ kò mọ ọkà jẹ. Bí ọkà bá ya dé lójijì, àwọn mìíràn á gba ibẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan náà á sì wọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ẹran da omi bicarbonate tó ń pa kíkan sí i nínú, ó gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, ó ní koríko gbígbẹ àti láíkẹ̀n nìkan ni kó máa jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi gbé orí sókè. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ sápá ọ̀tún, sápá òsì, tó ń jẹ àpọ̀jẹ, mo sì jókòó sórí yìnyín nítorí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́.

Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa ọgbà náà. Kò kọ́ mi. Fíìdì ni mo dín kù, ọgbà dúró bó ti wà.

Abo kan wà níbẹ̀ tí mo ń pè ní Ìyálé. Òun ló dàgbà jù, òun ló ń kọ́kọ́ jẹun, ẹni tó bá kò ó lójú á gba ìwo níhà. Òun ló kọ́kọ́ bímọ, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ní ìdájí. Kí n tó wọ bàtà tán, ọmọ ti dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó ti ń wá ọmú. Mo wọlé, mo gbé e, mo wọ̀n ọ́n, kílò márùn-ún, mo fi áyódíìnì, oògùn apakòkòrò, kun ìdodo rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀. Ìyálé dúró tì mí, ó ń fi imú fẹ́ atẹ́gùn sí mi létí, ó gba ọmọ rẹ̀ padà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ètò wa ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ́ abo tó ń bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni èyí tí mo sọ ní Ìyàwó. Ní ọjọ́ 24 àti 25, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́bàá wáyà, kò sinmi. Mo kọ "ara rẹ̀ kò balẹ̀, bóyá ebi", mo fún un ní koríko. Lóru ọjọ́ 26, òjò tó pò mọ́ yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wákàtí méjì-méjì la ń jáde lọ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, gbogbo ìgbà tí a bá sì jáde ni gbogbo agbo ń dìde. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, iná tọ́ọ̀ṣì mi bọ́ sórí nǹkan dúdú kan nínú ẹrẹ̀ nídìí wáyà. Ọmọ ni. Ìyá rẹ̀ wà ní òdìkejì ọgbà. Ìyálé, tí ìwo rẹ̀ kan ti bọ́ tó ku ọ̀kan, dúró sí àárín wọn. Bí Ìyàwó bá ti gbé ẹsẹ̀ pé kóun wá, ìwo kan ṣoṣo yẹn á tẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ réńdíà lè fara da òtútù gbígbẹ. Ọ̀rá pàtàkì kan wà lára rẹ̀ láti inú oyún tó ń jó bí epo láti mú un gbóná. Omi àti afẹ́fẹ́ lápapọ̀ ló ń pa á. Tẹ̀mómítà kà 35.4 lábẹ́ ìrù rẹ̀. Ó yẹ kó sún mọ́ 39. Mo ti ń sáré lọ gbé wàrà, Bàbá gbá mi lápá mú. Wọ́n ki àtàǹpàkò bọ ọmọ náà lẹ́nu. "Ẹnu rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú àtimu. Orí rẹ̀ ṣì dúró. Gbẹ ara rẹ̀ ná."

Ẹ̀yin tó ń sin àgùntàn ní ilẹ̀ olótùútù mọ ìdí rẹ̀. Ikùn ọmọ tó ti tutù kò lè lo wàrà, wàrà náà sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Gbígbẹ àti ooru ló kọ́kọ́ yá. Àfi èyí tó ti lò ju wákàtí márùn-ún lọ láyé tí kò lè gbé orí mọ́: ìyẹn ti jẹ ṣúgà ara rẹ̀ tán, bí ẹ bá kàn mú un gbóná, gìrì á mú un, á sì kú mọ́ yín lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ glucose ló gbọ́dọ̀ ṣáájú fún irú wọn, láti ọwọ́ ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀. Tiwa gbé orí. Aṣọ ìnura mẹ́ta ló gba omi ara rẹ̀. A tẹ́ ẹ sínú páálí pẹ̀lú rọ́bà omi gbígbóná méjì, wákàtí kan àti ààbọ̀ kọjá kó tó kan 37.

Ìyá olóko ní aládùúgbò ní wàrà àkọ́kọ́ àgùntàn nínú fìrísà. Bàbá kò gbà. Àgùntàn a máa gbé kòkòrò àìlèfojúrí kan tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan, tó sì ń pa réńdíà. Wọn kò fẹ́ ohunkóhun láti ara àgùntàn nítòsí agbo. Ìyàwó la máa fún. Wọ́n dè é mọ́ òpó, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Orí ọmú réńdíà kéré. Ọwọ́ tó ń fún ewúrẹ́ kò wúlò níbẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan ni, bí ẹni tó ń fa okùn abẹ́rẹ́. Ohun tó jáde kò ṣàn. Ó yọ díẹ̀díẹ̀, ó pọ́n, ó ki bí òróró tó ti dì. Ọ̀rá wàrà ẹran yìí lè sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún, ìyẹn ni ìwọ̀nba rẹ̀ fi ń tó ọmọ. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi rí mílílítà 90. A fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọn ọmọ náà láti ẹnu dé egungun ìhà tó kẹ́yìn ká lè mọ ibi tí ikùn wà, a sì rọra tú u sí i.

Ní aago mẹ́jọ, ọmọ dìde nínú páálí. Mo gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ bí ẹni tó gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ìyàwó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yí ẹ̀yìn padà. Mo tún gbé e sí i níwájú. Ó fi pátákò gbá a.

Bàbá gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e símú. "Ọṣẹ," wọ́n ní. "Ọṣẹ, ajá, àti ìwọ." Òótọ́ ni. Aṣọ ìnura ilé ni mo fi nù ún, èyí tí wọ́n fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀, ajá oko sì ti lá a lójú nínú páálí. Ojú kọ́ ni réńdíà fi ń mọ ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, imú ni. Bàbá wá ibi tó tẹ̀ lé ọmọ náà jáde kiri inú ọgbà. Ìyàwó ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Wọ́n fi pa ọmọ náà láti orí dé ìrù, wọ́n fi koríko tí ìyá rẹ̀ tọ̀ sí nù ún lẹ́yìn. A fi pákó dá iyàrá kékeré fún àwọn méjèèjì, a fi àpò ìdọ̀họ bo ìhà tí Ìyálé wà. "Ó tó. Wọlé." Mo ní, "Sà, bí kò bá fún un lọ́mú ńkọ́?" Wọ́n ní, "Bí o bá dúró síbẹ̀, kò ní fún un."

N kò rò pé mo ti ṣiṣẹ́ tó le ju jíjókòó sínú ilé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá fi ojú dá mi jókòó. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán kù díẹ̀, wọ́n na awò ìwòjìnnà sí mi láti ojú fèrèsé. Láàárín pákó méjì, mo rí ìdí ọmọ kan lábẹ́ ikùn ìyá rẹ̀, ìrù kékeré náà sì ń jù fìrì fìrì. Ọmọ tí wàrà bá ń wọ̀ lẹ́nu ló máa ń jùrù bẹ́ẹ̀. Ìyàwó na ọrùn sẹ́yìn, ó ń kùn sí i lọ́fun, hun, hun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá mú mi lọ sídìí wáyà. Ẹsẹ̀ Ìyàwó ti gbẹ́ poro sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó jìn tó ìka mẹ́ta, ìhà tó kọjú sí òkè nìkan. Ọjọ́ méjì gbáko tí mo ń kọ "bóyá ebi" sínú ìwé, ibi tó fẹ́ bímọ sí ló ń wá. Abo réńdíà a máa ya kúrò nínú agbo bí àkókò bá tó, òun àti ọmọ á dá wà títí wọn á fi mọ ara wọn. Mo ti gba ibi yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi Ìyálé jẹ alábòójútó rẹ̀.

"Ṣí géètì fún àwọn tó kù," Bàbá wí. Ìyá olóko figbe ta, ó ní òjò tún ń bọ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà lókè, ẹyẹ ìwò wà. Gbogbo rẹ̀ wà lóòótọ́. Wọ́n bá ara wọn fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28, èmi tí mo ti ọgbà náà ni wọ́n ní kí n ṣí i. Aboyún márùn-ún àti àwọn "àgàn" méjì jáde, wọn kò sáré. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ló ṣáájú.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ la ń wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn, nínú awò. N kò wọn ọmọ kankan. N kò fi áyódíìnì kun ìdodo ọ̀kankan, èyí sì dùn mí, torí ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá gbàgbé áyódíìnì nínú ìdánwò ti fìdí rẹmi. Mo ṣì di ìgbàgbọ́ yẹn mú fún ọmọ tí a bí sínú ilé ẹran, lórí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ àná. Lórí koríko òkè tó mọ́, tí ìyá dá wà, ọwọ́ mi léwu ju ìdodo rẹ̀ lọ.

Láàárín oṣù karùn-ún, mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún bí láàyè. Ti Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kéré púpọ̀, mo rò pé kò ní rí ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ fi í pamọ́ sẹ́yìn àpáta kan tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó yè. Èyí karùn-ún la bá ní òkú. Ìyá olóko wò mí, kò sọ̀rọ̀. A gbé òkú náà lọ fún dókítà ẹran, ó gé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sínú omi, ó rì. Ẹ̀dọ̀fóró tó bá ti mí rí a máa léfòó. Ọmọ náà kò mí rárá. Kì í ṣe òtútù, kì í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kì í ṣe géètì. Bí a kò bá gbé e lọ, géètì la ò bá dá lẹ́bi, a ò bá sì tún tì wọ́n mọ́lé lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn nǹkan díẹ̀ ti yí padà ní oko yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi fíìdì kún fíìdì báyìí, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Orí òkè ni wọ́n ń gbé koríko gbígbẹ lọ bá aboyún, wọn kì í kó aboyún wá bá koríko. Wàrà àkọ́kọ́ tí wọ́n rọra fún lára abo tí ọmọ rẹ̀ kú wà nínú fìrísà, nínú ike kéékèèké, ọjọ́ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ìnura tí wọn kì í fi ọṣẹ fọ̀ wà nínú àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi ti kúrò níbẹ̀, ewúrẹ́ ni mo padà sídìí rẹ̀, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣí géètì fún ewúrẹ́ aboyún ní Ṣakí. Ewúrẹ́ ti jókòó tì wá pẹ́, ó fara mọ́ ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí èyí tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri báyìí, mo kọ́kọ́ máa ń wo ibi tó kọjú sí kí n tó gbé oúnjẹ sí i níwájú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, Bàbá gba ìwé oko lọ́wọ́ mi lórí tábìlì. Wọ́n ti lọ sókè láàárọ̀, ẹsẹ̀ bàtà wọn ṣì tutù. Wọ́n ṣí i sí ojú ewé oṣù kẹta, wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà kan lórí "àgàn" àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ kan, abo, ó ń mu ọmú."